Ẹran Tí Wọ́n Gé Jáde Ṣì Ní Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu

Bí dókítà bá fẹ́ gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ènìyàn nílẹ̀ yìí, ẹbí á wá owó iṣẹ́ abẹ, wọ́n á wá owó ẹ̀jẹ̀, owó bẹ́ẹ̀dì, owó oògùn tí kì í sí ní ilé oògùn ìjọba. Owó tó máa ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, tó sì sábà máa ń di àwátì, ni owó kíka ẹran tí wọ́n gé jáde. Inú lábù tí wọ́n ti ń ka irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, kò sí ọ̀gá tó lè fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Kí ìjọba àti àwọn ilé ìwòsàn so owó méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ti sanwó pé kí wọ́n la inú òun, kí owó yẹn náà ti ká kíka ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kankan má sì gbé ẹran lé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ mọ́ pé kó máa gbé e lọ sí lábù.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè rò pé mo ń sọ àsọdùn. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó wọlé tọ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tó gbé ike omi dání nínú ọ̀rá dúdú. Ìfun màmá rẹ̀ ló wà nínú ike náà. Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní kó wá ohun tí yóò fi gbé ẹran, ó sáré ra omi lẹ́nu géètì, ó mu ún tán, ó sì mú ike rẹ̀ wá. Ẹran tútù máa ń rọ̀, ó gba ẹnu ike kékeré yẹn wọlé wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́málíìnì díẹ̀ tí wọ́n dà lé e lórí ti mú kí ara rẹ̀ le, kò gba ẹnu ike jáde mọ́. Ọ̀bẹ la fi la ike náà. Nígbà tí a tú ìfun ọ̀hún wò, òde rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, àárín rẹ̀ ti rà. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó ṣì máa ṣeé lò?” Mo ní kó jẹ́ ká wò ó ná. Ó wá béèrè iye tí a máa gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó dákẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó padà dé, a dúpẹ́ pé ó padà. Ọ̀pọ̀ kì í padà. Ẹran tiwọn á wà nínú ike lórí pẹpẹ títí orúkọ ara rẹ̀ á fi ṣá.

Kí gan-an ni kíka ẹran? Ẹran náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú fọ́málíìnì tó tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí wọ́n bá ti gé e kúrò lára ló ti ń jẹ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà a óò fi sípíríìtì fa omi inú rẹ̀ jáde, a óò rì í sínú ìda gbígbóná, ìda á dì, ẹran á di búlọ́ọ̀kù kékeré kan. A óò gbé búlọ́ọ̀kù yìí sórí ẹ̀rọ tí ń gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000, ègé tí à ń sọ yìí kò nípọn ju mẹ́rin lọ nínú rẹ̀. A óò fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e léfòó sórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè nà, a óò sì fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e kúrò níbẹ̀. A kì í tan fáànù nítòsí ibẹ̀. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí odidi iṣẹ́ òwúrọ̀ kan fi fò lọ.

Aró la óò wá fi rẹ ẹ́. Ọ̀kan ń jẹ́ hematoxylin, inú igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ń yọ ọ́, òun ló ń mú kí àárín sẹ́ẹ̀lì di búlúù. Èkejì ni eosin, ó ń mú ìyókù di pínkì. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ olówó iyebíye tó ti dé lẹ́yìn wọn, aró méjì yìí ni dókítà pàtólọ́jì, ìyẹn dókítà tó ń ka ẹran, ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi gbogbo láyé.

Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè tí wọ́n ń fi aró yìí bi jẹjẹrẹ ìfun ni pé, ibo lo dé? Ní 1932, Cuthbert Dukes tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pín jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun sí ọ̀nà mẹ́ta. A ni èyí tí kò tíì la ògiri ìfun kọjá, B ni èyí tó ti là á kọjá, C ni èyí tó ti dé inú àwọn kóńkó kéékèèké tó wà nínú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ìfun, níbi tí ọmọ ogun ara máa ń kóra jọ sí. Irú ìrònú yẹn náà ló wà nídìí ìpele kìn-ín-ní dé ìkẹrin tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu dókítà lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni: ẹni tó ń yẹ ìfun náà wò gbọ́dọ̀ fi ìka wá inú ọ̀rá náà títí yóò fi rí ó kéré tán kóńkó 12. Ẹni tó rí mẹ́ta péré, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé jẹjẹrẹ kò tíì dé ibẹ̀, kò parọ́. Kò kàn wá a tó ni.

Ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé ẹni méjì lè wà ní ìpele kan náà, kí oníṣẹ́ abẹ kan náà gé tiwọn, kí ọ̀kan máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ogún ọdún, kí wọ́n sì gbé èkejì padà wá kí ọdún méjì tó pé. Ìpele ń sọ ibi tí jẹjẹrẹ dé. Kò sọ ohun tí ara ń ṣe sí i.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí ara ń ṣe sí i ti wà lórí gíláàsì níwájú wa látijọ́. Rudolf Virchow ará Jámánì ti rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn ọmọ ogun ara, nínú kókó jẹjẹrẹ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwa náà ń rí wọn: wọ́n rí róbótó, wọ́n kéré, búlúù wọn dúdú, wọ́n á rọ̀gbà yí kókó ẹlòmíràn ká, a kò ní rí ẹyọ kan lára ti ẹlòmíràn. Ní St Mark's tí Dukes ti ṣiṣẹ́ yẹn náà, Jeremy Jass kọ̀wé ní 1986 pé àwọn tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí bá pọ̀ lára jẹjẹrẹ wọn máa ń pẹ́ láyé ju àwọn tí wọn kò ní in lọ. Ní Finland, Klintrup, Mäkinen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìdiwọ̀n kan jáde ní 2005, láti òdo dé ẹẹ́ta, tí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ fún etí kókó níbi tí jẹjẹrẹ ti ń ti ara aláìsàn sẹ́yìn. Aró méjì tí mo sọ lókè yẹn nìkan ni wọ́n lò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Àwọn tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó dé lónìí wà ní Paris: Jérôme Galon, Franck Pagès, Wolf-Herman Fridman àti àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ ní 2005 àti 2006 kò fi mọ sí pé “wọ́n pọ̀” tàbí “wọn kò pọ̀”. Wọ́n béèrè irú sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́, iye rẹ̀, àti ibi tó dúró sí. Wọ́n lo antibody, èyí tó máa ń wá ààmì kan ṣoṣo lára sẹ́ẹ̀lì, tí ibẹ̀ á sì di búráùn. Ààmì CD3 wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì T, CD8 wà lára àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́ ní tààràtà. Ní ti ibi tí wọ́n dúró sí, àdúgbò tó ń sanwó fún ọdẹ mẹ́wàá, tí gbogbo wọn wá jókòó sí ẹnu géètì tí wọ́n ń ta ayò nígbà tí olè ti wà ní yàrá, kí ni iye wọn fẹ́ ṣe fún onílé? Nítorí náà ni àwọn ará Paris yìí ṣe ka ọdẹ etí ààlà lọ́tọ̀, tí wọ́n ka ti inú yàrá lọ́tọ̀, kí wọ́n tó pa iye náà pọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹ bá mọ èyí, ẹ lè sọ ẹni tí jẹjẹrẹ yóò padà sára rẹ̀ dáadáa ju bí ìpele nìkan ti lè sọ ọ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ kò gbà á. Wọ́n ní ilé ìwádìí kan ṣoṣo kò tó. Wọ́n wá kó ilé ìwádìí 14 jọ láti orílẹ̀-èdè 13, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka sẹ́ẹ̀lì àwọn aláìsàn 2,681 tí jẹjẹrẹ ìfun ńlá wọn kò tíì tàn lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2018. Nínú apá àkọ́kọ́ àwọn aláìsàn yẹn, láàárín ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ padà sára ẹni 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí sẹ́ẹ̀lì T wọn pọ̀. Nínú àwọn tí tiwọn wà láàárín, ó jẹ́ 19. Nínú àwọn tí tiwọn kéré, 32. Ìlọ́po mẹ́rin, fún ènìyàn tí dókítà lè kọ lẹ́tà kan náà fún pé iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò yìí já yín láyà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí tiwọn kéré yẹn, 68 ni jẹjẹrẹ kò padà sára wọn. Èsì lábù ń sọ nípa ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò mọ orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti wúlò jù ni ìpele kejì, níbi tí jẹjẹrẹ ti la ògiri ìfun kọjá ṣùgbọ́n tí kò tíì dé inú kóńkó. Iṣẹ́ abẹ nìkan ti tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan á sì nílò oògùn jẹjẹrẹ tí à ń pè ní kímò. Àwọn wo? Ẹ bi ẹbí tó ti ta ilẹ̀ láti ra kímò bóyá ó wù wọ́n kí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó tà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti sọ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn yìí bá jáde ni àwọn kan yóò gé e tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí. Àwọn tó ń ta immune booster nínú bọ́ọ̀sì àti lórí WhatsApp, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ mi tajà. Sẹ́ẹ̀lì T tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì T tó ráyè wọ inú kókó. Kò sí ìgò immune booster kankan tí ẹnikẹ́ni ti fi hàn pé ó ń mú ọmọ ogun ara kọjá ààlà wọ inú jẹjẹrẹ ìfun. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n, kó mú gíláàsì pẹlẹbẹ rẹ̀ wá, màá bá a wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó kàn wá gan-an nílẹ̀ yìí ni mo ń bọ̀ sí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ìwé ìlànà inú rẹ̀ kọ, ó máa ń ṣe àṣìṣe, àwọn prótéènì kan sì wà tó ń tẹ̀lé e tí wọ́n ń tún un ṣe. Orúkọ mẹ́rin tí à ń wá nínú lábù ni MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bàjẹ́, àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe, jẹjẹrẹ á máa ṣe prótéènì àjèjì tí ara kò rí rí, ọmọ ogun ara á sì tètè fura. Ìdí nìyí tí irú kókó bẹ́ẹ̀ fi sábà máa ń kún fún sẹ́ẹ̀lì T. Jẹjẹrẹ náà ò ní ṣàì wá ọgbọ́n tí yóò fi dá wọn dúró, ṣùgbọ́n oògùn ti wà tó ń tú ọgbọ́n yẹn ká. Iṣẹ́ tó bí irú oògùn yìí ni James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Ní 2022, ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York ròyìn àwọn aláìsàn 12 tí irú jẹjẹrẹ yìí wà ní ìsàlẹ̀ ìfun wọn. Wọ́n fún wọn ní ọ̀kan lára àwọn oògùn náà tó ń jẹ́ dostarlimab fún oṣù mẹ́fà. Nínú gbogbo àwọn 12 náà, wọ́n wá kókó tì. Wọn kò fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, wọn kò sì fi iná ẹ̀rọ jó o.

Ó dára, New York nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Isaac Alatise, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àti ẹgbẹ́ oníwàádìí tó ń jẹ́ ARGO, pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú Memorial Sloan Kettering kan náà, wọ́n yẹ jẹjẹrẹ ìfun àwọn ọmọ Nàìjíríà wò. Ìwé wọn jáde ní 2021 nínú Nature Communications. Ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́rin nínú àwọn aláìsàn tiwa ni apá tó ń tún àṣìṣe ṣe yìí ti bàjẹ́ lára jẹjẹrẹ wọn, èyí sì pọ̀ dáadáa ju ti àwọn aláìsàn New York tí wọ́n fi wọ́n wé lọ. Iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀ bíi ti àwọn òyìnbó, mo mọ̀. Síbẹ̀ inú mi ru nígbà tí mo kà á. Àwa tí a kì í yẹ̀ ẹ́ wò ló ṣeé ṣe kó pọ̀ lára wa jù!

Ẹlòmíràn á ní, kí ni àǹfààní mímọ̀ ọ́n nígbà tí owó oògùn náà ju owó ilé lọ? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Àkọ́kọ́, ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí, tó sì wà ní ìpele kejì, kímò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní fluorouracil nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní oore kankan. Àyẹ̀wò prótéènì mẹ́rin yẹn lè gba ẹbí kan lọ́wọ́ oṣù mẹ́fà èébì àti gbèsè. Èkejì kọjá aláìsàn fúnra rẹ̀, ó kan àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ìbàjẹ́ prótéènì yìí lè jẹ́ àjogúnbá.

Ní 1895, ní ìlú Ann Arbor ní Michigan, obìnrin aránṣọ kan sọ fún Aldred Warthin, dókítà pàtólọ́jì, pé òun mọ̀ pé òun máa kú ní kékeré, nítorí jẹjẹrẹ ikùn, ti ìfun tàbí ti ilé ọmọ ló ń pa gbogbo ẹbí òun. Ara rẹ̀ le nígbà tó ń sọ ọ́. Warthin kò fi í rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó kọ orúkọ gbogbo ẹbí náà sílẹ̀, ó sì tẹ ìwé náà jáde ní 1913. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ló pa aránṣọ náà. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún ni Henry Lynch tún gbé ọ̀rọ̀ irú ẹbí bẹ́ẹ̀ dìde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn àjogúnbá náà lónìí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ní in lè jogún rẹ̀, ó sì lè máà jogún rẹ̀, ìdajì sí ìdajì ni. Ẹni tó bá jogún rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀ lóòrèkóòrè láti ìgbà ọ̀dọ́, wọ́n lè tètè rí èéhù burúkú kó tó di jẹjẹrẹ.

Nílùú tiwa ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kú ní ọmọ ogójì ọdún, inú ló ń run ún. Àbúrò tẹ̀lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà á pe ìpàdé ẹbí, ojú gbogbo á sì yí sí ìyá arúgbó kan ní kọ̀rọ̀ tí kò ní ọmọ tó lè gbèjà rẹ̀. Mo mọ agbo ilé tó ti tú ká nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹran ẹni àkọ́kọ́ wà ní lábù kan, wọ́n kọ “jẹjẹrẹ ìfun” sí i, wọ́n fọwọ́ sí i, ó parí. Kò sí ẹni tó béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti jẹ̀díjẹ̀dí, tí a tún máa ń dá lẹ́bi dípò jẹjẹrẹ, ni n kò fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ẹ ti gbọ́ ọ rí. Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ti sọ gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ń bá ìgbẹ́ jáde di tirẹ̀, a ní ṣúgà ló fà á, a ń ra àgbo lọ́wọ́ ìyá alágbo láàárọ̀ lálẹ́ títí ìfun á fi dí pátápátá. Dókítà tó bá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tó sì ti ìka kan bọ ìdí aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ lè ba púpọ̀ nínú àwọn jẹjẹrẹ ìsàlẹ̀ ìfun níbẹ̀. Ojú ń tì wá fún ìka yẹn, ojú kì í tì wá fún oṣù mẹ́jọ àgbo. Chadwick Boseman, òṣèré Black Panther, ẹni ọdún 43 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020, kí ẹ má rò pé àrùn arúgbó nìkan ni. Àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń bí mi nínú jù. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ẹni 50 ọdún dé 74 ni ìjọba ń fi ìgò ìdánwò ìgbẹ́ ránṣẹ́ sí nílé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún méjì-méjì. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Peckham jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi ni màá máa di ìgbẹ́ sínú àpòòwé fún Ọba Charles?” Mo ní kó dì í. Ó ti dì í.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: “Màmá, parasitamọ́ọ̀ kò sí ní ilé ìwòsàn, ẹ ń sọ̀rọ̀ CD8.” Òótọ́ ni. Antibody gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì láti ọjọ́ tó dé, NEPA sì mọ ohun tó ń fojú wa rí níbi yẹn. N kò sọ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ lọ ra kọ̀ǹpútà tí ń ka sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ohun tí mo ń béèrè fún wà nílẹ̀: ike ẹlẹ́nu fífẹ̀ àti fọ́málíìnì tó kún un, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ gan-an, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn. Kí wọ́n la ìfun kí wọ́n tó rì í, kí fọ́málíìnì lè dé àárín. Kí òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn gbé e, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gbé e. Kí dókítà pàtólọ́jì kọ iye kóńkó tó rí, kó sì fi ìdiwọ̀n òdo dé ẹẹ́ta ti àwọn ará Finland yẹn kọ bí ọmọ ogun ara ṣe rí ní etí kókó. Aró rẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á. Ní ti prótéènì mẹ́rin, lábù kan ṣoṣo ní gbogbo gúúsù ìwọ̀-oòrùn tó ní iná sólà tó dúró sán-ún lè máa ṣe é fún gbogbo wa, ìda kò wúwo, mọ́tò á gbé e. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ni Ìbàdàn ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Àwọn baba wa nídìí iṣẹ́ yìí ṣe é pẹ̀lú káàdì àti bírò.

Ọ̀rọ̀ owó ni gbogbo rẹ̀ ń dúró dè. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń ya owó kíka ẹran sọ́tọ̀, ẹbí tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ á máa fò ó, nítorí aláìsàn ti jí, ó ti ń jẹ ògì, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ẹran ṣe? N kò bá wọn wí. Ẹni tó gbé ìwé owó méjì síwájú wọn ni mo ń bá wí. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa náà, tí wọ́n ń san owó iṣẹ́ abẹ tí wọn kò san ti àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e, wọ́n ń ra ìdajì ọjà.

Kí ìjọba tó dá wa lóhùn, ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé báyìí, ẹ béèrè fún èsì tí wọ́n tẹ̀, ẹ má gba ti ẹnu. Ẹ wò ó bóyá iye kóńkó wà níbẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù ìda, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí, nítorí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tọ́jú dáadáa ṣeé gé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bí owó bá dé tàbí bí oògùn tuntun bá dé. Bí wọ́n bá ní ó ti sọnù, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹni tó gbà á wọlé hàn yín.